Ìpẹ́ Mẹ́rin Tí Dáúdà Tọ́jú

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni, obìnrin tó fi ọdún mọ́kàndínlógún ha ìpẹ́ ẹja ní Plumstead High Street, nílùú London, tí kò sì fi ọjọ́ kan gbé ìpẹ́ kan ṣoṣo sókè kó wò ó. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kó gbogbo ìpẹ́ tó ti bọ́ lábẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀ jọ, á bo Shooters Hill látìsàlẹ̀ dókè. Síbẹ̀, ìpẹ́ mẹ́rin péré, tí kì í ṣe òun ló ha wọ́n, ló wá bá a sọ̀rọ̀.

Bíntù lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, láti ilé àwọn apẹja, níbi tí ọmọdé ti ń dá ẹ̀pìyà mọ̀ yàtọ̀ sí àgbọ̀dọ̀ kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Nínú ṣọ́ọ̀bù ẹja Olúgbémiga, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni tábìlì tiẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yìnyín. Oníbàárà á yan ẹja níwájú, Olúgbémiga á sì máa ké ohun tí wọ́n fẹ́ sí i: ha á, má gé orí ẹ̀, la inú ẹ̀, gé e sí mẹ́rin. Bíntù á di ìrù ẹja mú, á ti ẹja bọ inú ọ̀rá ńlá kan kí ìpẹ́ má bàa máa fò káàkiri, á sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ láti ìrù sí orí. Ìrù sí orí ni o. Bí ìpẹ́ ṣe tò nìyẹn, ọ̀kan gun orí èkejì bíi páànù òrùlé, etí tó wà ní gbangba kọjú sí ìrù. Ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ láti orí wá sí ìrù, ó kàn ń fọwọ́ pa ẹja lára ni.

Ìpẹ́ kì í sì í tán lára ẹni tó bá ń ha á. Ó wà nínú bàtà Bíntù, ó wà nínú ọwọ́ kóòtù ẹ̀, ó wà létí hìjáàbù ẹ̀. Nígbà tí Latifah, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, ṣì kéré, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti máa ṣa ìpẹ́ kúrò lára ìyá ẹ̀ kí wọ́n tó wọ mọ́ṣáláṣí. Á máa kà á bó ṣe ń ṣà á: "Mọ́mì, méje lónìí." Nínú ilé wọn ní Woolwich, bí wọ́n bá rí ìpẹ́ nílẹ̀, lórí àga, tàbí nínú ife, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tó ti wá. Wọ́n á gbá a dànù ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Dáúdà, ọkọ ẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí fóònù ẹ̀ ò ṣe é lò fún nǹkan mìíràn ju ìpè lọ. Lọ́dún 2013, ẹnì kan tó ń jẹ́ Isaac, tí wọ́n jọ wà ní gáréèjì, kọ́ ọ ní ìwọ̀ sísọ. Isaac padà sí Iléṣà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi ọ̀pá ìwọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún Dáúdà. Láti ìgbà tó ti kọ́ ọ, bí ọjọ́ ìsinmi Dáúdà bá ti pé, á wa mọ́tò ẹ̀ lọ sétí adágún kan ní Thamesmead, á sì wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá padà dé, aṣọ ẹ̀ á tutù, ojú ẹ̀ á tutù, ọwọ́ ẹ̀ á ṣófo.

Ìgbà àkọ́kọ́, Bíntù fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹja Òyìnbó ti kàwé ju awakọ̀ lọ. Ìgbà kẹta, ó bi í pé ṣé kò rí pa ni. Dáúdà ní òun rí pa, ẹja ńlá ni, òun gbé e sórí ìwọ̀n, òun sì dá a padà sómi. Bíntù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ìgbà tó rí i pé ọkọ òun ò bá òun rẹ́rìn-ín ló tó dákẹ́.

Bàbá Bíntù fi àwọ̀n àti ìwọ̀ tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án. Kò sí ọjọ́ tó dá ẹja tó tóbi padà sómi. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀? Ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti bí i, ọkùnrin tó bá lọ sódò láàárọ̀ tó dé nírọ̀lẹ́, tí ìyàwó ẹ̀ ò gbọ́ òórùn ẹja lára ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, odò kọ́ ló ń lọ. Àwọn ìyàwó apẹja kì í bára wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan tó ń dúró de kúróòkà tí Bíntù ń bá a ha, fi ọ̀rọ̀ tu ara ẹ̀ lára. Ó ní òun rí mọ́tò Dáúdà ní Thamesmead, níwájú àwọn fúláàtì kan, láàárọ̀. Ìgbà tí òun ń padà bọ̀ láago mẹ́rin, ó ṣì wà níbẹ̀.

"Mo ní bóyá ẹ ti kó lọ sọ́hùn-ún ni, Àǹtí."

Bíntù ní rárá, àwọn ò tí ì kó. Ó di kúróòkà náà fún un, ó sì mú èyí tó kàn.

Kò bi Dáúdà. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ ẹ̀ lọ láràárọ̀ tó bá tì í bọ inú yìnyín. Lákọ̀ọ́kọ́ á ta á. Lẹ́yìn náà á dùn ún dé eegun. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ò ní jẹ́ tiẹ̀ mọ́, á sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó ń se oúnjẹ fún ọkọ ẹ̀. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Bí Dáúdà bá ní òun ń lọ sódò, á dáhùn pé ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re, ojú ẹ̀ ò sì ní kúrò lára ohun tó ń ṣe. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀, ilé wọn dákẹ́, àwọn ará àdúgbò sì ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tọkọtaya tó ń jà.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkàn Dáúdà dáwọ́ dúró nínú yàrá ìsinmi àwọn awakọ̀, tíì ẹ̀ ṣì gbóná níwájú ẹ̀. Bíntù ò sunkún. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Àwọn obìnrin tó yí Bíntù ká ń sọ fún ara wọn pé ẹkún ti pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni kò ṣe rí ọ̀nà jáde. Àǹtí Saadat, ẹ̀gbọ́n Dáúdà, mú ọwọ́ ẹ̀, ó ní kó foríjì ọkọ ẹ̀ kí ilẹ̀ lè tù ú lára, bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún gbogbo opó nínú ẹbí wọn. Bíntù mi orí.

"Orí mímì kọ́," ni Àǹtí Saadat wí. "Ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹ ò balẹ̀ báyìí, mi ò ní dà ẹ́ láàmú. Tó bá pé ọdún, tá a bá ń ṣe fìdáù ẹ̀, wàá sọ ọ́ lójú gbogbo wa."

Ó jókòó opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó padà sídìí tábìlì ẹ̀, ọdún sì ń pé bọ̀. Bíntù mọ̀ pé òun ò ní lè sọ ọ́. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ká ní inú ń bí i ni, ì bá rọrùn, torí inú tó bá ń ru á padà rọlẹ̀. Ohun tó wà nínú tiẹ̀ ò gbóná, kò tutù. Àmọ́ kò fẹ́ purọ́ lórí òkú. Kò sì fẹ́ dìde láàárín ẹbí kó yadi, kí Latifah máa wo ẹnu òun, kó wá mọ ohun tí òun ti fi pamọ́ fún un láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí fìdáù pé, àwọn méjèèjì ń kó kọ́bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà kí àwọn àlejò lè rí ibi kó kóòtù sí. Àpò odò Dáúdà bọ́ sílẹ̀ látòkè. Nínú ẹ̀, lábẹ́ àwọn ìwọ̀ àti okùn, Latifah rí agolo mìíǹtì kékeré kan. Ìwé mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, irú pélébé tí wọ́n ń tẹ aago iṣẹ́ awakọ̀ sí, wọ́n pa á pọ̀ dáadáa, ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìpẹ́ ńlá. Ó tóbi ju owó ẹyọ póùn méjì lọ, ó pọ́n bí èékánná àgbàlagbà. Ọwọ́ ìkọ̀wé Dáúdà ló wà lára wọn. Lára ti àkọ́kọ́: oṣù Kẹfà 2014, èjìká òsì, kílò méje. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ti 2017, 2020 àti 2023, oṣù Kẹfà kan náà, àfi ti 2020 tó bọ́ sí oṣù Keje. Lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti kọ ọ́ pé: Òun náà ni. Èjìká òsì.

Latifah ní ẹja káàpù ni, irú èyí tí ara ẹ̀ bọ́rọ́ bíi ti àrọ̀, tó kàn ní ìpẹ́ ńláńlá díẹ̀ káàkiri ara. Ó mọ̀, torí yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gírámà kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bá àwọn olùkọ́ to ohun èlò.

"Ó ní àwọn máa ń dá a padà sómi ni," ni Bíntù wí. Ó sọ ọ́ bí ẹní ń ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn.

"Òfin ibẹ̀ ni, Mọ́mì. Bóòdù ẹ̀ wà létí omi. Tó o bá gbé e lọ sílé, wọ́n á lé ẹ dànù níbẹ̀."

Bíntù fìdí lé àpótí bàtà. Ìbéèrè yẹn ti wà lẹ́nu ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ìdáhùn ẹ̀ sì wà nínú yàrá kejì, lẹ́nu ọmọ tó bí. Ó wá ní kò burú. Pé wọ́n ń dá ẹja padà, ìyẹn ò fi hàn pé Dáúdà wà níbẹ̀. Olúgbémiga náà máa ń ta káàpù lóṣù Kejìlá fún àwọn ará Poland. Ìpẹ́ wà nínú ilé yìí bí iyanrìn. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́, ìpẹ́ ò ní wọ́n ọn.

Kò sọ ìyẹn síta. Ó kàn ní: "Ṣé èèyàn lè mọ̀ bóyá ẹja kan náà ni?"

Ojú Latifah là. Ó ní ìpẹ́ ló rọrùn jù láti bi.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, lẹ́yìn iṣẹ́, ó gbé awò kan tí ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ dà nù wálé, irú èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, ó fọ àwọn ìpẹ́ náà nínú omi ọṣẹ, ó sì ní kí ìyá òun fi ojú kan wò ó. Bíntù bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wò ó. Ohun tó rò pé ó dán bí awo, ìlà ló kún ibẹ̀, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, róbótó-róbótó, ọ̀kan yí èkejì ká bí ìgbà tí òkúta bá bọ́ sínú omi tó dúró jẹ́ẹ́.

Latifah ń sọ ọ́ fún un, Bíntù sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Ó ní ìhòòhò ni wọ́n ń bí ẹja, kò ní ìpẹ́ kankan. Ìgbà tó bá ti tó ìka ọmọ ọwọ́ ni ìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kóówá nínú àpò tiẹ̀ lára awọ, awọ fẹ́lẹ́ kan á sì tún bò ó lókè. Iye tó bá yọ nígbà náà ni iye tó máa ní títí tó fi máa kú. Kì í lé sí i. Ẹja ń dàgbà, ìpẹ́ ò pọ̀ sí i, nítorí náà kóówá gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ láti etí ẹ̀, kí ara ẹja má bàa ṣí sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìpẹ́ dà bí ẹní: okùn tín-íntìn-ìntín tó tò ní ìpele-ìpele, èyí sùn síhìn-ín, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ dábùú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ tí kì í ṣẹ́. Òkè ẹ̀ le bí eegun, òun ló ní ìlà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ yìí, tí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí oúnjẹ sì wà, àwọn ìlà á jìnnà síra. Nígbà òtútù, ẹja ò fẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, àwọn ìlà á fún mọ́ra bí èrò inú bọ́ọ̀sì láago mẹ́jọ àárọ̀. Ibi tó bá ti fún yẹn, òtútù kan nìyẹn. Èèyàn á kà á bẹ́ẹ̀, á sì mọ ọjọ́ orí ẹja.

Ó ka ti 2014. Ọdún mẹ́fà.

Ó gbé ti 2017 sábẹ́ awò. Ó kà á, ó yí i, ó tún un kà. Ó gbé ti 2020 sí i. Ó gbé ti 2023 sí i. Lẹ́yìn náà, ó dá wọn padà sínú ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Tó bá jẹ́ òun náà ni, ó yẹ kó pé mẹ́sàn-án ní 2017," ló wí.

"Kí ló wá jẹ́?"

"Mẹ́ta. Mẹ́ta-mẹ́ta ni gbogbo wọn." Ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún. "Ẹja ọ̀tọ̀ ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí Dádì rò pé òun náà ni."

Bíntù gbọ́ "ó ṣeé ṣe" yẹn, ó mọ̀ pé àánú ló wà nínú ẹ̀. Ẹja ọdún mẹ́ta kò lè fara jọ ẹja tó ti wọn kílò méje nígbà tó wà ní mẹ́fà. Àní ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò lọ ilé ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí.

Latifah bi í pé kí ló mọ̀. Ó ní ìrẹsì ń jóná, ó sì dìde. Lóòótọ́, ìrẹsì náà ti jóná.

Lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Ẹ̀pìyà ni gbogbo ayé ń rà, irú tí wọ́n sìn nínú odò àfọwọ́ṣe, tí wọ́n ń kó jọ sínú àgbá tí wọ́n fi ń ha ara wọn lára. Bíntù ti ha bí ogójì. Ìpẹ́ kan lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò ẹ̀, bó ṣe máa ń lẹ̀ látọdún gbọ́nhan. Ó fẹ́ nù ún mọ́ épírọ́ọ̀nù ẹ̀. Kò nù ún. Ó gbé e sókè síná gbọọrọ tó wà lórí tábìlì.

Ìlà wà létí ẹ̀. Kò sí ìlà láàárín ẹ̀. Àárín ẹ̀ funfun, ó rí bàìbàì bí ojú afọ́jú.

Olúgbémiga yọjú láti iwájú. "Àǹtí Bíntù, ṣé lẹ́tà ni wọ́n kọ sí yín ni? Oníbàárà mẹ́fà ń dúró."

Bíntù ṣì gbé ìpẹ́ náà sókè. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ létí omi ní Ẹ̀pẹ́, obìnrin tí kò ní awò, tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ló fi ń wo ẹja. Ìyá ẹ̀ a máa pe irú èyí ní ìpẹ́ afọ́jú. Á ní àárín ẹ̀ rí pátipàti, kò dán bíi ti àwọn yòókù. Á ní, "Wò ó, ẹja yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan rí." Torí bí àwọ̀n bá fa ìpẹ́ kan tu lára ẹja, tí ẹja náà sì jàjàbọ́, òmíràn á hù lójú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú ni yóò fi hù ú. Ihò ti ṣí lára ẹ̀, kò ráyè to ìlà. Á kàn fi nǹkan dí i wéré títí tó fi máa tó ẹgbẹ́ ẹ̀, ìgbà náà ni á tó padà máa fi ìlà lé ìlà létí. Gbogbo ọdún tó ti kọjá kí ìpẹ́ àkọ́kọ́ tó tu, kò ní sí lára ìpẹ́ tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n tu èyí àkọ́kọ́ ni kíkà tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bíntù yọ ọwọ́ nínú ọ̀rá. Ó sọ fún Olúgbémiga pé òun ń lọ sílé. Olúgbémiga wo ojú ẹ̀, ó ní ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún òun pé ó tiẹ̀ wá, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀la ni fìdáù ọkọ ẹ̀. Ó bọ́ sídìí ẹja fúnra ẹ̀.

Ọ̀sán gangan ló délé. Latifah ń gé àlùbọ́sà. Bíntù ò bọ́ kóòtù, ó ṣí agolo, ó gbé ìpẹ́ 2017 síwájú fèrèsé.

"Wá wo àárín ẹ̀."

Latifah wò ó. Ó ní funfun ni. Ó ní òun rí i lọ́jọ́ yẹn, òun rò pé ó ti bàjẹ́ ni.

"Kò bàjẹ́. Ìpẹ́ afọ́jú ni. Ó tu, ó tún hù."

Ó gbé ti 2020 sókè. Funfun. Ó gbé ti 2023. Funfun. Ó wá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ẹja ọdún mẹ́ta kò kéré sí ti ẹja ọdún mẹ́fà. Ó tiẹ̀ tóbi jù ú lọ. Latifah dúró, ọ̀bẹ àlùbọ́sà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ń mì, ó ń ṣírò.

"2014 sí 2017," ló wí. "Mẹ́ta. 2017 sí 2020. Mẹ́ta. Mọ́mì. 2020 sí 2023." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ojú ibì kan náà ló ti ń yọ ọ́. Èjìká òsì. Ó ń tu ú, òmíràn ń hù níbẹ̀, ó tún ń padà lọ bá ẹja yẹn kan náà." 

"Kò sẹ́ni tó lè ra èyí ní ṣọ́ọ̀bù," ni Bíntù wí. "Kò sẹ́ni tó lè parọ́ èyí."

Latifah wá wo ìyá ẹ̀ dáadáa. "Irọ́ kẹ̀? Ta ló ní irọ́ ni?"

Bíntù sọ fún un. Ó jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oníbàárà kúróòkà, mọ́tò níwájú fúláàtì, gbogbo ẹ lọ re ẹ bọ̀ re. Ohùn ẹ̀ ò yí padà, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ibùdókọ̀. Ìgbà tó parí, ọmọ náà bèèrè ohun kan ṣoṣo: kí ló dé tí Dádì ò fi àwọn ìpẹ́ náà hàn án?

Bíntù fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀. Ibẹ̀ ló ti rántí.

Ọdún 2014 ni, lóòótọ́, nídìí tábìlì yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń nu tábìlì kó lè gbé oúnjẹ sí i. Dáúdà gbé nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀, ó ní, "Ìyá Latifah, wò ó." Bíntù wò ó. Ìpẹ́ ni. Ó rò pé ara òun ló já bọ́ sí. Ó tiẹ̀ ní kó má bínú, ó fi àkísà gbá a dànù pẹ̀lú èérún búrẹ́dì. Dáúdà tẹ̀ ba, ó ń wá nǹkan nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, Bíntù ò sì bi í pé kí ló ń wá, torí nígbà yẹn kì í bi í ní nǹkan mọ́.

Òun náà ni. Òun náà ni. Òun náà ni. Dáúdà mọ̀ pé òun náà ni. Èèyàn kì í kọ ohun tó mọ̀ fún ara ẹ̀. Bíntù ló ń kọ ọ́ fún.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Bíntù wọ bọ́ọ̀sì 472 lọ sí Thamesmead. Ó dá lọ. Àwọn fúláàtì yẹn wà níbẹ̀, ojú ibi ìgbọ́kọ̀sí náà wà níwájú wọn, ọkọ̀ mẹ́rin ló dúró níbẹ̀, méjì nínú wọn ní ọ̀pá ìwọ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ká kọ́nà kan, omi sì ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ìrìn ogójì ìṣísẹ̀ ni. Ó kà á. Bóòdù wà níbẹ̀ bí Latifah ṣe wí. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà lójú omi. Kò rí ẹja kankan. Ó dúró títí bọ́ọ̀sì mìíràn fi dé, ó sì padà sílé.

Wọ́n ṣe fìdáù lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Pálọ̀ kún, àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Áàfáà ka ohun tó yẹ kó kà, wọ́n ṣàmín, Àǹtí Saadat sì yí sí i níwájú gbogbo ẹbí. Kò gbàgbé. Ó ní ọdún ti pé o, ìyàwó wa, ẹnu la fi ń sọ ọ́.

Bíntù dìde. Latifah ń wo ẹnu ẹ̀.

"Àǹtí, kò ṣẹ̀ mí," ló wí. "Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Àǹtí Saadat sún mọ́ ọn. Ó bi í ní ohùn kékeré pé kí ló fi ṣẹ̀ ẹ́.

"Ó mú nǹkan wá fún mi, mo gbá a dànù."

Àǹtí Saadat wo Áàfáà, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó ṣe àdúà fún àwọn méjèèjì, èyí tó wà lókè ilẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ṣe é. Wọ́n pín oúnjẹ.

Ìgbà tí àwo ń pọ̀, Bíntù wọ kíṣíìnì lọ fọ̀ ọ́. Ó tú omi sílẹ̀. Ìpẹ́ ẹ̀pìyà kan wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀ látàná, ó ti gbẹ mọ́ ọn. Omi bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì fa ọwọ́ náà sẹ́yìn, torí omi náà tutù. Ó wo ẹ̀rọ omi bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ó ti ń fi omi yìí kan náà fọ àwo látọjọ́ tó ti ń gbé ilé yìí. Ó tún na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ó tutù. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi èékánná ṣí ìpẹ́ náà kúrò lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, kò sì gbá a dànù. Ó gbé e síwájú fèrèsé, lójú oòrùn, kó wo bí àárín ẹ̀ ṣe rí.

Ẹ̀yin náà, bẹ́ ẹ bá ra ẹja lọ́la, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ha á pé kó dúró díẹ̀. Ẹ yọ ìpẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ báà rí awò, ẹ báà má rí. Bí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ látàárín gan-an, ìpẹ́ tó bá ẹja náà dàgbà láti kékeré nìyẹn. Bí àárín bá funfun, ẹja náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Ẹ má gbà á lẹ́nu mi. Ẹ lọ wò ó.